Oṣù 18 Létí Òkun: Nígbà Tí Ọ̀nà Ilé Dí Mọ́ Ìdílé Àjàyí Crowther ní Àgbádárìgì

  

Gbogbo wa la ti rí irú fídíò yìí lórí fóònù. Bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ á kó ẹrù sínú ọkọ̀ kan tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ibi ìdáná nínú, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní caravan. Wọ́n á wà á lọ sí etí òkun tó dá, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n á pàgọ́ sórí iyanrìn, wọ́n á dáná, àwọn ọmọ á máa sáré kiri, oòrùn á máa wọ̀ lẹ́yìn wọn. Èèyàn á wò ó tán, á ní, "Àwọn wọ̀nyí mà ń gbádùn o."

Ìtàn tí mo mú wá lónìí náà jẹ́ ti bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ tí wọ́n di ẹrù wọn lọ sí etí òkun. Oṣù 18 ni wọ́n lò níbẹ̀. Àmọ́ fàájì kọ́ ni wọ́n bá lọ. Ilé ni wọ́n ń lọ, ọ̀nà ilé ló dí mọ́ wọn.

Orúkọ bàbá náà ni Àjàyí. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ nípa rẹ̀ ní ilé ìwé kò ju ìlà mẹ́ta lọ: wọ́n mú un lẹ́rú, ó di bíṣọ́ọ̀bù, ó túmọ̀ Bíbélì. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ó dà bíi pé òun nìkan ló rìn ín. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí a bá wo oṣù 18 yìí dáadáa, a óò rí i pé ìtàn ìdílé ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọmọ tó di àbàlà mú

Ilé-Ogbó tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire lágbègbè Ìwó, jìnnà sí òkun. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí òkun láti ibí á kọ́kọ́ dé Ìwó, á gba Ìbàdàn, á wọ Èkó, kó tó wá wọkọ̀ Badagry ní Mile 2. Bẹ́ẹ̀ títì wà lónìí o, ọkọ̀ sì wà. Ẹ wá ro ti ọmọdé kan tó ń gbé inú ilẹ̀ báyìí ní igba ọdún sẹ́yìn. Létí tirẹ̀, òkun kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n tà gbà lọ ni, tí wọn kì í sì í padà.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí. Òṣóògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n bí i sí. Ní 1821, nígbà tí ogun ti da ilẹ̀ Ọ̀yọ́ rú, àwọn ológun ya wọ ìlú náà láàárọ̀, nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà lórí iná. Wọ́n fi okùn so Àjàyí, ìyá rẹ̀ Àfàlà, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì tí ọ̀kan ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, àti ọmọ ẹbí wọn kan. Àjàyí ò tíì ju ọmọ ọdún 12 sí 15 lọ.

Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, ni wọ́n bá dá pààrọ̀ náà padà, bí ìgbà tí èèyàn dá ọjà padà fún aláṣọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé fún oṣù díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n tún mú un kúrò níbẹ̀ lójijì. Láti ọjọ́ yẹn, kò fojú kan ìyá rẹ̀ mọ́ fún nǹkan bí ọdún 25.

Ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á títí tó fi dé ẹ̀bá ọ̀sà. Ní 1837, ó kọ ìtàn yìí sínú lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ó ní omi náà bà òun lẹ́rù ju ohunkóhun lọ, torí òun kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fi í sáàárín àwọn àpò àgbàdo, wọ́n fún un ní àbàlà pé kó jẹ. Àbàlà yẹn ló dì mú lọ́wọ́. Kò yí padà níbi tí wọ́n gbé e sí títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Èkó. Nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ń pe Crowther ní akọni, àbàlà yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Akọni náà jẹ́ ọmọ kan rí, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè gbé oúnjẹ sẹ́nu.

Ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n kó o mọ́ àwọn ẹrú 187 tó wà nínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí kan tó ń jẹ́ Esperança Felix. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà ṣí ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró lójú òkun ní ọjọ́ 7 oṣù náà. Wọ́n kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone, ibi tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró.

Ọkọ̀ ẹrú tó di ọkọ̀ èrò ilé

Ní Sàró, Àjàyí kàwé, ó ṣèrìbọmi ní 1825, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827. Ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ ìyàwó. Asano ni orúkọ obìnrin náà kó tó di Susan nípa ìrìbọmi. Òun náà jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Tọkọtaya náà, kò sí èyí tó ní ìyá tàbí bàbá nítòsí tó máa bá wọn kó ọmọ jáde. Ìdílé tí wọ́n dá sílẹ̀ yẹn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látorí òfo.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Sàró nígbà náà pọ̀, wọn ò sì gbàgbé ilé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Àwọn oníṣòwò kan nínú wọn dáwó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ kan tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria. Ní 1839, èrò 67 wọ ọkọ̀ náà lọ sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ tó ń kó èèyàn lọ ni wọ́n fi ń kó èèyàn bọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Àgbádárìgì? Èkó léwu. Wọ́n ti ja àwọn kan nínú àwọn tó ń bọ̀ lólè níbẹ̀. Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá lọ, torí àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú ká ti tẹ ibẹ̀ dó ní nǹkan bí 1830. Àgbádárìgì ni ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn míṣọ́nárì tẹ̀ lé àwọn tó ń bọ̀ wálé yìí. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án 1842. Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà, ẹgbẹ́ CMS, dé ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ṣódẹkẹ́ tó ń darí àwọn Ẹ̀gbá gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Ìlérí ẹnì kan ṣoṣo yìí ni ìdílé Crowther gbára lé.

Ìdílé dé etí omi

Wọ́n fi Crowther joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá 1844, ó kúrò ní Freetown pẹ̀lú Susan àti méjì nínú àwọn ọmọ wọn. Townsend àti ìyàwó rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Charles Andrew Gollmer, ará Jámánì, àti ìyàwó tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, ògbufọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, àwọn káfíńtà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ "míṣọ́nárì", ẹ má kàn ro ọkùnrin kan tó gbé Bíbélì lọ́wọ́. Ẹ ro ọkọ̀ tó kún fún ìdílé, igi ìkọ́lé, ìkòkò àti igbe ọmọ.

Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi wà lójú òkun. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1845 ni wọ́n dé Àgbádárìgì.

Ẹni tó bá ti lọ síbẹ̀ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Ìlú Àgbádárìgì gan-an kò fara kan òkun. Ọ̀sà ló wà níwájú rẹ̀. Ní òdìkejì ọ̀sà ni ilẹ̀ oníyanrìn tóóró kan wà, Gbẹ̀rẹ̀fú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òkun wá wà. Ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ èbúté nítorí ìgbì. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ojú òkun gbọ́dọ̀ sọ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, kí àwọn atukọ̀ fi ogbọ́n la ìgbì já, kó fẹsẹ̀ rin iyanrìn yẹn kọjá, kó sì tún wọ ọkọ̀ míì sọdá ọ̀sà kó tó dé ìlú.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Orí iyanrìn kan náà ni wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sójú òkun. Lónìí, ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ́ fún ìrántí wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Point of No Return. Orúkọ náà ń sọ pé kò sí ẹni tó ń padà níbẹ̀. Àmọ́ ní oṣù kìíní 1845, ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n ti tà rí, wá láti ojú òkun pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, wọ́n kọjú sí ilẹ̀. Wọ́n rìn ín ní ìdàkejì.

Òwò ẹrú kò sì tíì tán létí òkun yẹn nígbà tí wọ́n dé. Àwọn tó ń ra èèyàn àtàwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ jọ ń gbé ìlú kan náà ni.

Ṣódẹkẹ́ ti kú

Ìròyìn tó pàdé wọn nìyẹn. Ẹni tó ní kí wọ́n máa bọ̀ ti kú. Àwọn àgbà Ẹ̀gbá ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣì dúró ná, kí àwọn ṣètò ìlú. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn Ẹ̀gbá ń bá Adó jà, Adó yìí sì wà lójú ọ̀nà láàárín Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Kí ọdún tó parí, Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè ní Èkó, Akíntóyè sì sá wá sí Àgbádárìgì. Ìlú tí ìdílé náà fi ṣe ibùdó ìgbà díẹ̀ di ibi tí gbogbo èèyàn ń ṣọ́ra pé ogun lè dé nígbàkúùgbà.

Ẹ fi ara yín sí ipò wọn. Ẹ ti ta ohun tí ẹ lè tà. Ẹ ti kó àwọn ọmọ jáde nílé ìwé àti láàárín ọ̀rẹ́. Ẹ dé ààbọ̀ ọ̀nà, wọ́n ní kí ẹ dúró. Kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí ọ̀nà máa ṣí. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún.

Ìyàwó Gollmer kú láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n débẹ̀. Etí òkun yẹn kò mọ àánú fún àlejò. Ibà ń pa wọ́n, kò sì sí dókítà tó mọ ohun tó ń fa ibà nígbà náà. Ìgbà tó di ìparí ọ̀rúndún yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri.

Kí ni àwọn tó kù ṣe? Wọ́n kọ́lé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845 ṣì dúró létí ọ̀sà títí dòní, òun sì ni wọ́n ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Crowther ń wàásù, ó sì ń bá iṣẹ́ èdè Yorùbá lọ. Ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ìtumọ̀ Bíbélì ló kàn. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé èdè Ògù ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Àgbádárìgì ń sọ. Nítorí náà, ìdílé yìí jókòó sí ìlú tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n ń múra èdè ilé sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n máa délé.

Àwọn ọkùnrin ló ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ogun ni wọ́n ń kọ, ọba ni wọ́n ń kọ, iye ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń kọ. Àmọ́ fún oṣù 18, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá oúnjẹ tí àwọn ọmọ máa jẹ, kí ẹnì kan tọ́jú ẹni tí ibà ń ṣe, kí ẹnì kan sì máa dáhùn nígbà tí ọmọ bá béèrè pé, "Ìgbà wo la máa lọ?" Iṣẹ́ yẹn kò sí nínú ìlà mẹ́ta ilé ìwé. Láìsí iṣẹ́ yẹn, ẹni tó máa di bíṣọ́ọ̀bù ì bá ti yí padà sí Sàró.

Ní gbogbo àkókò yìí, Àfàlà wà láàyè. Ọmọ kò mọ̀. Ìyá náà kò mọ̀ pé ọmọ òun ti padà sí ilẹ̀ yìí.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ

Ìparí oṣù keje 1846 ni ọ̀nà tó gbà wọ́n. Àsìkò òjò ni. Wọ́n fi Gollmer sílẹ̀ ní Àgbádárìgì kó máa tọ́jú ibẹ̀, ìdílé Crowther àti ti Townsend gbéra. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi rìn nínú igbó àti ẹrọ̀fọ̀, ìrìn tí mọ́tò ń fi wákàtí díẹ̀ rìn lónìí. Ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ni wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Ṣàgbúà àtàwọn olóyè Ẹ̀gbá gbà wọ́n. Townsend fi Aké ṣe ibùdó, Crowther lọ sí Ìgbẹ́ìn.

Ọjọ́ 18 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, Àfàlà dé. Ìlú kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta ló ń gbé. Ó ti gbọ́ pé ọmọ òun wà láàyè, kò sì fẹ́ gbà á gbọ́. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ rẹ̀ pé nígbà tí ìyá òun rí òun, ó ń gbọ̀n, kò lè gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń wo ara wọn láì lè sọ̀rọ̀, omijé ń ṣàn lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn orúkọ ìgbà kékeré pè é, àwọn orúkọ tí kò tíì gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mú un kúrò nílé.

Ọmọ tó di àbàlà mú nínú ọkọ̀ ojú omi ti di bàbá ọlọ́mọ. Àwọn ọmọ tó fara da oṣù 18 létí òkun, ọjọ́ yẹn ni wọ́n mọ̀ pé àwọn ní ìyá àgbà.

Ní 1848, Àfàlà ṣèrìbọmi, ó ń jẹ́ Hannah. 1883 ló tó kú. Ìyẹn ni pé, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n fi yà wọ́n, ó tún lo ọdún tó lé ní 35 láyé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ti padà.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ìtàn aládùn nìkan ni mo ń sọ. Ẹnu ọ̀nà tí àwọn tó ń bọ̀ wálé là, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà gbà á wọlé. Ní 1851, Crowther dé Lọ́ńdọ̀nù, ó rí Ọbabìnrin Victoria, ó sì bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ nípa Èkó. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ní 1861, wọ́n gba Èkó pátápátá. Abigail, ọmọ Crowther àti Susan, fẹ́ Thomas Babington Macaulay tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ọmọ tí wọ́n bí ni Herbert Macaulay, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lórí náírà kan àtijọ́. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yẹn jà. Ohun tí bàbá àgbà jẹ́ kó wọlé, ọmọ ọmọ ló wá dojú kọ.

Síbẹ̀, ohun kan dá mi lójú. Òwò ẹrú kò kàn kó èèyàn lọ. Ó ń tú ìdílé ká: ó mú ìyá síbí, ó mú ọmọ sọ́hùn-ún, ó fi ẹnì kan pààrọ̀ ẹṣin. Ìdáhùn Àjàyí àti Asano sí ìyẹn ni pé wọ́n tún ìdílé dá, wọ́n sì gbé e padà gba etí òkun kan náà. Nígbà tí ọ̀nà dí, wọn ò pín ara wọn, kí ọ̀kan máa lọ, kí ìkejì padà. Gbogbo wọn ló dúró. Lójú tèmi, ìyẹn tóbi ju oyè bíṣọ́ọ̀bù tó jẹ ní 1864 lọ.

Bí ẹ bá wá lọ sí Àgbádárìgì lọ́jọ́ kan, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, ẹ ó rìn dé ibi ìrántí yẹn, ẹ ó ya fọ́tò, ojú yín á wà lára òkun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó kúrò, ẹ kọ ẹ̀yìn sí òkun, kí ẹ wo ìhà ìlú. Ohun tí Susan rí nìyẹn nígbà tó dé.

Ibi tí a máa dé lónìí nìyí. Bí ìtàn kan bá wà nílé yín nípa ẹni tó lọ tó sì padà, tàbí ẹni tó lọ tí kò padà, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ sórí fóònù yín kó tó pẹ́ jù. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan lórí WhatsApp. Ó dìgbà kan ná o.